Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Kun Ọmọ Ogun

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ló bọ́ sí mi lẹ́nu nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé ní Sábó, Yábàá, na fóònù rẹ̀ sí mi, tó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi mú ọ̀kan." Ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi ike ṣe ló kún ojú fóònù náà, irú èyí tí wọ́n ń tò sórí tábìlì, tí wọ́n á máa da dáìsì, tí wọ́n á máa fi téèpù wọn ìrìn wọn. Warhammer 40,000 lorúkọ eré náà. Ilé iṣẹ́ Games Workshop ti ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde lọ́dún 1987. Ẹgbẹ́ ogun inú rẹ̀ lé ní 20. Ẹni tó bá ra ọmọ ogun ni yóò gé e kúrò lára férémù, tí yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí yóò sì kùn ún.

Ọmọ náà fẹ́ mọ ẹgbẹ́ tó ń borí jù lọ́wọ́ báyìí. Mo ní kó gbé ìyẹn tì. Òfin eré yìí kì í pẹ́ yí: wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2017, ní 2020 àti ní 2023. Akọni òní lè di ẹni ẹ̀yìn kí ọ̀dà tó gbẹ lára rẹ̀. Ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Ẹgbẹ́ tí ìrísí àti ìtàn rẹ̀ bá wù yín ni ẹ ó lè jókòó tì fún oṣù mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní ìjà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 2,000 ojúàmì, tó wọ́pọ̀ jù, ọmọ ogun ẹgbẹ́ Ork lè lé ní 100, bẹ́ẹ̀ ti ẹgbẹ́ Custodes kò pọ̀ rárá. Ẹni tí gosiló Ikorodu Road ń gba ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ra Ork, kò ní ráyè kùn wọ́n tán.

Àwọ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Wọ́n á ra ọ̀dà mẹ́wàá, wọ́n á lo gbogbo rẹ̀ sára ọmọ ogun tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Bí a bá sún sẹ́yìn díẹ̀, ojú kò ní rí ibi dúró sí. Ẹ wo Ẹ̀yọ̀ l'Ékòó. Agbádá funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀, síbẹ̀ ọmọ Èkó á ti òkèèrè mọ ẹgbẹ́ Ẹ̀yọ̀ tí kálukú ti wá, nítorí àkẹtẹ̀ ló ń sọ ọ́: dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Lábà, yẹ́lò ni ti Oníko, àwọ̀ ewé ni ti Ológèdè, elésè-àlùkò ni ti Agẹrẹ. Àwọ̀ kan gba ara, àwọ̀ kan ṣoṣo dé orí. Nǹkan méjì yìí tó fún ọmọ ogun yín, pẹ̀lú àwọ̀ irin fún ohun ìjà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọ̀ kan ṣe lè tó, ẹ lọ wo iṣẹ́ Yusuf Grillo, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology, tó sì di olóògbé lọ́dún 2021. Búlúù ló gba ojú ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀, bí aró àdìrẹ: èyí tó mọ́lẹ̀ níwájú, èyí tó ki lẹ́yìn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú níbi tí aṣọ ti ká. Bákan náà la ṣe ń kun ọmọ ogun Ultramarine inú eré yìí, tí aṣọ ìhámọ́ra rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ẹ fi búlúù kùn ún, ẹ da omi ọ̀dà dúdú sí kòtò ara rẹ̀, kí ẹ fi búlúù tó mọ́ fọwọ́ kan etí rẹ̀. Yẹ́lò ni kí ẹ sá fún ní ìbẹ̀rẹ̀: kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Èmi fúnra mi ti kun ọmọ ogun márùn-ún lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ iná lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, pupa tí mo rò pé ó jinlẹ̀ ti rí bí ọsàn. Àwọn ìyá tó ń ra aṣọ ẹbí ní Tẹ́júoṣó mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú aṣọ jáde sí oòrùn kí wọ́n tó sanwó. Nígbà òjò pàápàá, ẹ má fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ láti inú agolo, nítorí ọ̀rinrin ojú ọjọ́ á jẹ́ kó gbẹ bí ìyẹ̀fun. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi kùn ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kun ẹyọ kan péré. Ẹ gbé e síta ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ tó ra àwọn tó kù.