Mọ Ara Kí O Tó Dá Aṣọ

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ máa ya aṣọ fún àwọn ènìyàn inú Second Life, ayé orí kọ̀ǹpútà tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2003. Iṣẹ́ gidi ni. Má kánjú wọ̀ ọ́.

Kọ́kọ́ mọ ara tí aṣọ yóò bò. Àwòrán pẹlẹbẹ ni wàá yà, kọ̀ǹpútà ni yóò ró o mọ́ ara bí ẹni ró ìró. Ṣí àwòṣe ara náà nínú GIMP, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí o wo ibi tí iwájú àti ẹ̀yìn ti pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ìlà aṣọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ti í bára mu.

Ya àwọ̀ lọ́tọ̀, ya òjìji lọ́tọ̀. Òjìji ló ń sọ àwòrán di aṣọ. Wo bí aṣọ ọrùn rẹ ṣe ń ká ní ìgbúnwọ́. Dán iṣẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà rẹ kí o tó gbé e wọ inú Second Life, torí wọ́n ń gba owó fún un.

Má jí iṣẹ́ oníṣẹ́ láéláé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wàá mọ̀ ọ́n.