Òkúta Gbígbẹ́ àti Ààlà: Ibo Ni Kí N Mú Ọmọ Mi Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà níbí. Ọ̀gá wa kan tó rìnrìn-àjò lọ sí Thailand fi fọ́tò àwọn òkúta ayé àtijọ́ hàn wá: wọ́n rí pẹlẹbẹ bí ewé, wọ́n gbẹ́ ènìyàn sí wọn lára. Ó ní ààlà ibi mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ fún Tóbi ọmọ mi ni kò ti jẹ́ kí n gbádùn, ó ní ṣé àwa ò ní irú ẹ̀ ni. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń sinmi; ibo ni mo lè mú un lọ? Bàbá rẹ̀ sì ń kùn pé ojúbọ òrìṣà ni gbogbo irú ibẹ̀ yẹn. — Ìyá Tóbi

ÌDÁHÙN: Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Sema ni wọ́n ń pe àwọn òkúta yẹn. Àríwá-ìlà-oòrùn Thailand ni wọ́n pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n á rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìhà mẹ́jọ yí ibi tí wọ́n ti ń sọ ènìyàn di mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà ká. Ní 2024, UNESCO ka Phu Phrabat, tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà, mọ́ ogún gbogbo àgbáyé.

Ní tiwa, ààlà rìn lọ́tọ̀, òkúta gbígbẹ́ náà rìn lọ́tọ̀. Pérégún làwọn bàbá wa ń gbìn sí ààlà oko, nítorí kì í tètè kú. (Ní Ọ̀tà òde òní, òpó kọnkéré àwọn sọ̀fíyọ̀ ló gba ipò rẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ ò kúkú torí ìyẹn dín kù.) Bó bá di ààlà ìlú ńlá, yàrà ni wọ́n ń gbẹ́. Nítorí náà, ẹ bi Tóbi léèrè èwo ló wù ú jù.

Bó bá jẹ́ ààlà, ẹ máa lọ sí Ọ̀kè-Ẹ̀rí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí Ẹrẹdò Ṣúngbọ́ gbà kọjá. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa náà ni, ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan. Yàrà náà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ dé orí ògiri rẹ̀ tó mítà 20. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, torí igbó àti ẹrẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ kí ẹ tó wọ ibi ibojì Bílíkísù Ṣúngbọ́, obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Ẹrẹdò náà. Èèwọ̀ wà níbẹ̀, pàápàá fún obìnrin.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni, òkúta gbígbẹ́ ni mo máa yàn: mo máa dúró de ọlidé tó gùn, kí n gbé ọmọ lọ sí Ẹ̀sìẹ́ ní Kwara, tí kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère ibẹ̀, wọ́n sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí, àwọn mìíràn di ohun ìjà mú. Ẹ jẹ́ kí Tóbi wo irun orí wọn dáadáa. Bóyá ni onídìrí Ṣàngó-Ọ̀tà kan lè dì í bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n, kí wọ́n tó di òkúta. Lọ́dún 1933 ni Ramshaw, ọkùnrin tó ń bẹ ilé-ìwé wò fún ìjọ CMS, kéde wọn fáráyé. Nígbà tó sì di 1945, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ní ti bàbá Tóbi, ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù asán, torí wọ́n ń bọ àwọn ère náà látijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó ìwọlé, tó wò, tó sì jáde, kò bọ nǹkan kan. Ẹ ní kó bá yín lọ, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Kí ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì fọwọ́ kan ère kankan. Bẹ́nikẹ́ni bá sì fẹ́ ta òkúta gbígbẹ́ àtijọ́ fún yín lójú ọ̀nà, ẹ má dá a lóhùn: wọ́n ti jí lára àwọn ère Ẹ̀sìẹ́ rí, òfin ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni máa ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bó ṣe wù ú.