Ara ni iná jó, kí ló kan ìfun?

Ìbéèrè: Dókítà, ìyàwó mi ń da bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ tó ṣì gbóná, iná sì jó o láti àyà dé itan. A ti gbé e dé Ìbàdàn. Ikùn rẹ̀ wú díẹ̀, ibà ò sì lọ. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un lóúnjẹ. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí inú rẹ̀ lè sinmi. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?
*Bàálé ilé, Tápà*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, bàálé ilé. Ọlọ́run á gbé ìyàwó yín dìde. Ẹ bá mi bẹ màmá, kí wọ́n jẹ́ kí rọ́bà náà wà níbẹ̀.

Tí iná bá jó àgbàlagbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti awọ nìkan. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò sínú ẹran ara. Ẹ̀jẹ̀ tó kù, ọkàn àti ọpọlọ ni ara á kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí, á wá fi du ìfun. Bẹ́ẹ̀, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bo inú ìfun. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á máa kú, ibi tí wọ́n ti so mọ́ra á tú bí ọgbà tí okùn rẹ̀ já. Kòkòrò inú ìgbẹ́ àti oró wọn lè gba ibẹ̀ wọ ara. Nígbà tí ara bá dìde láti gbèjà ara rẹ̀, ó lè ṣe é ní àṣejù, débi tí ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín tí iná ò fọwọ́ kàn á fi máa ṣàìsàn. Ní 1842 ni Thomas Curling, oníṣẹ́-abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ̀wé nípa egbò inú ìfun lára àwọn tí iná jó.

Oúnjẹ tó ń kọjá lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ń wà láàyè. Omi tí wọ́n ń fà sí i lápá ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ti ikùn tó wú fún nọ́ọ̀sì lónìí, wọ́n lè dín oúnjẹ náà kù fúngbà díẹ̀. Tó bá ń bì, tàbí tó yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ní ti ibà, ara lè gbóná lẹ́yìn iná láìsí pé kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ló máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí àwọn ará Tápà mìíràn. Ẹni 60 kílò tí iná jó ìdá 30 nínú 100 ara rẹ̀ lè nílò kí wọ́n fa omi bíi lítà 7 sí i lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdajì rẹ̀ láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí iná ti jó o ni wọ́n sì ń kà á, kì í ṣe ìgbà tó dé Ìbàdàn. Nítorí náà, kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi sí i lára ní Ìgbò-Ọrà tàbí Èrúwà lójú ọ̀nà. Nígbà ayé olóògbé Dókítà Awójọbí, ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Èrúwà tilẹ̀ máa ń ṣe omi náà fúnra rẹ̀.

Màmá ńkọ́? Tí dókítà bá ti ní ìyàwó yín lè máa gbé oúnjẹ mì, kí wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹyin sísè wá. Ẹyin tútù tí àwọn èèyàn ń fi pa ojú iná, kí wọ́n fi í sílẹ̀.