Glucosinolate Inú Zogale, Kábéèjì àti Músítádì: Ìdí Tí Ìwọ̀n Rẹ̀ Fi Ṣe Pàtàkì

Ní àdúgbò Jikpan ní ìlú Minna, ìpínlẹ̀ Niger, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri Àríwá Nàìjíríà, ewé zogale, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí mòríńgà, kì í ṣe àjèjì nínú oúnjẹ. Wọ́n máa ń bọ̀ ọ́, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì fi kúlíkúlí gígún, àlùbọ́sà àti ata pò ó. Àwọn kan ń yìn ín bí oògùn gbogbo àìsàn. Ìbéèrè àwọn mìíràn ni bóyá ewé tí ó bá kábéèjì tan kò ní fa gẹ̀gẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè yanjú èyí. Ìwọ̀n ni ó lè yanjú rẹ̀.

Èròjà tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí ni glucosinolate. Ewéko ń pèsè rẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò. Ṣúgà gúlúkóòsì àti imí-ọjọ́ wà lára ohun tí ó para pọ̀ di í, ẹ̀yà rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti rí sì lé ní 120. Ó wà nínú hóró músítádì, nínú kábéèjì àti nínú mòríńgà, nítorí pé inú agboolé ewéko kan náà, Brassicales, ni gbogbo wọn ti wá.

Nínú ewé tí kò fara pa, glucosinolate wà lọ́tọ̀, ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ myrosinase náà wà lọ́tọ̀. Bí a bá gé ewé náà, tàbí bí a bá lọ hóró náà pẹ̀lú omi, àwọn méjèèjì á pàdé. Ìpàdé yìí ni ó ń sọ glucosinolate di èròjà mìíràn, irú èyí tí ó ń mú músítádì ta lẹ́nu.

Ní ọdún 1928, àwọn olùwádìí Chesney, Clawson àti Webster ní Baltimore, Amẹ́ríkà, ròyìn pé gẹ̀gẹ̀ yọ sí ọrùn ehoro tí wọ́n ń fi kábéèjì bọ́. Ní 1949, Astwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àwárí goitrin, èròjà tí ń dí tairọ́ìdì, ẹṣẹ́ tí ó wà ní ọrùn, lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà glucosinolate kan tí ń jẹ́ progoitrin ni ó ń di goitrin. Glucomoringin, tí ó gbajúmọ̀ jùlọ nínú mòríńgà, kì í di í. Nítorí náà, kò tó láti mọ̀ pé glucosinolate wà nínú ewé. A gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tí ó jẹ́ àti iye tí ó jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́ nìyí. Bí ewé bá ṣì tutù, wọ́n á sọ ọ́ di yìnyín kíákíá, wọ́n á sì fa omi ara rẹ̀ kúrò kí myrosinase má baà ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ̀ ọ́, wọ́n á da methanol gbígbóná tí a fi omi là sí i, kí ooru lè pa ẹ́ńsáìmù náà. Wọ́n á fi ìwọ̀n glucosinolate mìíràn tí kò sí nínú ewé náà kún un, kí wọ́n lè mọ iye tí ó ṣòfò lójú ọ̀nà. Omi náà á wá gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń di glucosinolate mú kọjá. Ẹ́ńsáìmù sulfatase á ṣiṣẹ́ lé e lórí di ọjọ́ kejì. Ní ìkẹyìn, ẹ̀rọ HPLC á ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, a ó sì ka iye rẹ̀ ní micromole fún gíráàmù kan.

Irú ìwọ̀n báyìí ti ṣe àǹfààní púpọ̀. Ní 1974, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà gbé Tower jáde, irúgbìn rapeseed tí glucosinolate rẹ̀ kéré, tí ẹran ọ̀sìn lè jẹ èérún rẹ̀ láìséwu. Lónìí, òṣùwọ̀n èérún canola kò gbọdọ̀ tó micromole 30 fún gíráàmù kan lẹ́yìn tí a bá ti fún epo rẹ̀ kúrò.

Ní ti ilé ìdáná, ooru iná ń pa myrosinase, omi tí a fi bọ ewé sì ń kó apá kan glucosinolate lọ. Ṣùgbọ́n fítámì C náà ń bá omi yẹn lọ, nítorí náà kò yẹ kí a bọ̀ ọ́ pẹ́ jù.

Ewu gẹ̀gẹ̀ máa ń pọ̀ sí i níbi tí ayodíìnì bá ti kéré. Ní 1967, Dókítà O. L. Ekpechi tẹ ìwádìí kan jáde lórí gẹ̀gẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, níbi tí oúnjẹ pákí ti ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 150 ayodíìnì lójúmọ́, aláboyún sì nílò 250. Iyọ̀ tí a fi ayodíìnì sí ni ọ̀nà tí ó rọrùn jùlọ láti rí i.

Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní láti sá fún zogale tàbí kábéèjì sísè. Ẹni tí ó ní àìsàn tairọ́ìdì, tàbí aláboyún tí ó fẹ́ máa lo ìyẹ̀fun mòríńgà bí oògùn, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tìtorí ìyẹ̀fun tí a kò wọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pa oògùn tí dókítà kọ fún un tì.