Ọjọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Yàtọ̀ sí Ọjọ́ Ìkọ̀wé-fiṣẹ́-sílẹ̀

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ fi ìwé kíkọ, orin tàbí eré ṣe iṣẹ́ jẹun fi ń tu ara wọn nínú. Wọ́n ní àkókò kò tíì tó. Àwọn á kọ́kọ́ kówó jọ, àwọn á kọ́lé, ọmọ á jáde yunifásítì ná. Àwọn mìíràn fi òwe kan náà ki ara wọn láyà: wọ́n ní àkókò ti tó, wọ́n sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí wọn kò tíì kọ orin kan ṣoṣo parí. Lójú tèmi, ibì kan náà ni tọ̀tún tòsì ti ṣìnà. Wọ́n so ọjọ́ méjì pọ̀: ọjọ́ téèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà, àti ọjọ́ tó torí rẹ̀ fi iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, kò mọ òjò. Ọjọ́ kejì ni òwe Ṣàngó ń bá wí, irú iṣẹ́ ọnà tí onítọ̀hún yàn ló sì máa sọ ìgbà tó máa dé, àyà líle kọ́.

Ẹ wo Hubert Ògúndé. Ọlọ́pàá ni nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì, jáde ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó lọ́dún 1944. Ìjọ Aládùúrà kan ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà. Ọdún 1946 ló tó bọ́ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀. Láàárín ọdún méjì yẹn, ó ti gbé eré mìíràn jáde, ó ti rí i pé àwọn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ ń sanwó wá wòran. Ṣùgbọ́n èyí tó wá jẹ́ dandan kó lọ ni pé eré alárìnkiri ni tirẹ̀. Ẹni tó máa kó òṣèré, ìlù àti ẹrù aṣọ láti ìlú dé ìlú kò lè tún máa dúró gba àṣẹ ní bárékè. Ọ̀rọ̀ inú eré náà pàápàá kò bá aṣọ ìjọba mu mọ́: èyí tó ṣe lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́dún 1945, àwọn aláṣẹ gbẹ́sẹ̀ lé e ní Jọ́ọ̀s. Ọlọ́pàá wo ló máa ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ lálẹ́, kó tún lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀?

Ti òǹkọ̀wé Amos Tutùọlá yàtọ̀. Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1939, ẹ̀kọ́ ìwé dúró. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó bá àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ bàbà nígbà ogun Hitler, lẹ́yìn náà ló di mẹ́síńjà ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ l'Ékòó. Ìdúró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mẹ́síńjà. Ó jókòó, ó ń retí kí ọ̀gá rán an níṣẹ́, àjákù bébà wà níwájú rẹ̀, ó sì ń kọ ìtàn sí i. Ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde lọ́dún 1952, òkìkí ìwé náà kàn dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ Tutùọlá kò fiṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Ó lọ di sitóòkípà ní iléeṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn. Kò sẹ́ni tó lè pè é lójo. Tábìlì, bébà àti wákàtí bíi mélòó kan ni òǹkọ̀wé ń fẹ́, kò sí bọ́ọ̀sì tó fẹ́ kó èrò sí. Olùkọ́ ni Fágúnwà, òǹkọ̀wé Yorùbá, náà nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1938, ó sì ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì.

Ẹnìkan á ní: ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ pé eku ni méjèèjì. Iṣẹ́ oṣù kì í ṣe eku tí Tutùọlá ń lé, oúnjẹ tó fi ń lókun lé eku ni. Ibi tí àtakò yìí ti mú mi dáadáa ni pé iṣẹ́ tòde òní kò fi bẹ́ẹ̀ dà bí iṣẹ́ mẹ́síńjà ayé ìgbà yẹn. Ẹni tó kúrò ní báńkì ní agogo méje alẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì fà á títí dé Ìkòròdú, orí wo ló kù tó fẹ́ fi kọ̀wé? Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kó wá iṣẹ́ oṣù mìíràn kó tó ronú àtikúrò nínú iṣẹ́ oṣù pátápátá. Owó rẹ̀ lè dín kù. Iṣẹ́ tó ní ọlidé, tàbí tó ń parí lọ́sàn-án, sàn fún òǹkọ̀wé ju èyí tó ń san owó ńlá tó sì ń gba gbogbo orí lọ.

Àwọn mìíràn á ní ọjọ́ ti lọ. Wọ́n á sọ pé ìgbàkígbà téèyàn bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi olórin Fatai Rolling Dollar ṣe ẹ̀rí, nítorí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí orin tún gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ẹ̀rí náà kò lọ síbi tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Ọwọ́ bàbá náà ti mọ gìtá tipẹ́tipẹ́. Ebenezer Obey ti bá a ṣeré kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1964. Òkìkí ló pẹ́ kó tó padà, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò pẹ́ rárá. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà yẹn sì ni ọwọ́ fi ń mọ iṣẹ́. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ agbẹ́gilére láti Ìlá Ọ̀ràngún, tó ti ń gbẹ́gi láti kékeré, ṣì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Arẹógun ní Ọyẹ́-Èkìtì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni ogójì ọdún pé kó bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó má sì retí nǹkan kan lọ́dún yìí. Ẹni ogún ọdún tó ń wo àwọn tó ń ṣe àwàdà lórí fóònù ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀ jù. Fídíò tó lókìkí ló rí, kò rí èyí tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Ó wá ku ti ọjọ́ ìlọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà ìfẹ́ iṣẹ́ nìkan kò tó láti fi ṣe ìwọ̀n. Àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni pé kí àwọn tí kò mọ̀ yín rí fẹ́ sanwó, kí ẹ sì máa sọ fún wọn pé kò ní ṣeé ṣe, torí ọ̀gá kò fún yín láyè. Ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín oṣù díẹ̀, iṣẹ́ oṣù ti ń jẹ yín lówó nìyẹn, ẹ pe ọkọ tàbí ìyàwó yín jókòó, kí ẹ jọ ṣírò. Ẹ kọ owó ilé ìwé sílẹ̀ ní táàmù-táàmù, kí ẹ kọ ti oògùn ìyá àgbà sí i. L'Ékòó, owó ọdún kan gbáko ni ọ̀pọ̀ lándílọ́ọ̀dù ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ san án kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá.