Ìjánu Kì í Dédé Já: Ìtọ́jú Bíréèkì Hilux Ẹ̀ka Wa

Bí jàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì ń ròyìn rẹ̀ lórí rédíò, gbólóhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìjánu ọkọ̀ náà já. Láti ara ẹṣin ni a ti mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Okùn wà lára ìjánu ẹṣin, okùn sì lè já nígbàkúgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ti háńbíréèkì kúrò, kò sí okùn kankan láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti táyà Hilux. Ohun olómi ló wà nínú páìpù tó so wọ́n pọ̀, ohun olómi kì í sì í já. Ohun tó máa ń ṣe é gan-an ni mo fẹ́ sọ níbí, nítorí pé ní ìparí oṣù yìí, Hilux ẹ̀ka wa máa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin àti ẹ̀rọ ìfami gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ó sì máa kó wọn sọ̀kalẹ̀ padà. Sísọ̀kalẹ̀ náà ló kàn mí. Láti ọdún tó kọjá ni ìtọ́jú ọkọ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ èmi àti àwọn méjì mìíràn ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù, lábẹ́ ojú ọ̀gá wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣáà ni a wà. Ká ní Hilux pẹ̀lú èrò àti ẹrù wúwo tó 2,500 kílógíráàmù, tó sì ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Agbára ìrìn tó wà lára rẹ̀ tó bíi 965 kilojoule. Bí eré yẹn bá dín sí 50, agbára náà kò ní dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù, bíi 241. Bíréèkì kì í pa agbára yìí run, ó ń sọ ọ́ di ooru ni, láàárín páàdì àti dískì níwájú, láàárín ṣúù àti dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ló sì ń gba ooru náà lọ.

Wàyí o, ẹ wo òkè. Bí ọkọ̀ kan náà bá sọ̀kalẹ̀ láti ibi tó fi 100 mítà ga ju ìsàlẹ̀ lọ láìfi kún eré rẹ̀, agbára tí nǹkan kan gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bíi 2,450 kilojoule. Ó ju ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ ti ẹni tó ń sá 100 tó wá dúró lójijì. Awakọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ lè má sá ju 40 lọ, kó máa rò pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni òun ń lọ, síbẹ̀ kí dískì rẹ̀ máa gbóná ju ti ẹni tó ń sá eré àsápajúdé ní ọ̀nà márosẹ̀.

Ooru yìí kì í dúró sára dískì. Ó ń gba ara páàdì àti písítìnì wọ inú bíréèkì ọ́ìlì. Orúkọ tí ọjà fún un yìí ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Glycol ni wọ́n fi ń ṣe DOT 3 àti DOT 4, glycol sì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ inú ìdẹ ṣe ń rin nígbà òjò. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Bó bá ti fa omi tó bí ìdá 3.7 nínú 100, òṣùwọ̀n gbà kó máa hó ní 140°C. Ti DOT 4 jẹ́ 230 nígbà tó ṣì tuntun, àti 155 nígbà tó bá ti gba omi.

Ibi tó bá ti hó, oru ló dà. Ohun olómi kì í ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n oru ṣeé fún pọ̀. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ dé ilẹ̀, ọkọ̀ ń lọ. Ohun tí wọ́n sábà ń pè ní ìjánu já lórí òkè nìyẹn. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ náà bá rí ibi dúró, tó sì tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, oru á padà di olómi, pẹ́dàlì á sì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Mẹkáníìkì á dé, á tẹ̀ ẹ́, á ní kò sí nǹkan tó ṣe bíréèkì. Àwọn kan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ayé ni.

Ọdún méjì-méjì ló yẹ kí a máa pààrọ̀ bíréèkì ọ́ìlì, yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ti pààrọ̀ páàdì lẹ́ẹ̀mẹta lè má tíì pààrọ̀ ọ́ìlì rí. Bó bá ti lọ sílẹ̀, wọ́n á kàn bu díẹ̀ sí i. DOT 3 ni wọ́n kọ sórí ìdérí tiwa, DOT 4 náà sì lè bá a lò. DOT 5 kọ́ o, silicone nìyẹn, kì í bá àwọn yòókù pọ̀. Ẹ má sì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láé, ì báà ṣe ìwọ̀n ìdérí igo kan: gbogbo rọ́bà inú ẹ̀rọ náà ló máa wú, a óò sì tú u látòkè délẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò. Fáàfù kan wà lára ṣásí lẹ́yìn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so ó mọ́ irin tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí ẹrù bá wúwo, síríńgì á tẹ̀, ọ̀pá yẹn á yí, fáàfù á sì jẹ́ kí agbára púpọ̀ sí i lọ sí bíréèkì ẹ̀yìn. Bí kò bá sí ẹrù, á dín in kù, kí táyà ẹ̀yìn má baà há kí ọkọ̀ sì yí po. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù kó sìmẹ́ǹtì tàbí oúnjẹ adìyẹ, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ẹ bá fi ewé síríńgì kún ti ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà tẹ̀, ẹrù á wà lórí ọkọ̀ ṣùgbọ́n fáàfù ò ní mọ̀. Òfìfo ló máa kà á sí. Bíréèkì iwájú nìkan ni yóò máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ gbóná. A lè tún ọ̀pá náà tò lẹ́yìn tí a bá fi síríńgì kún un, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi wáyà so pa nítorí pé ó ti dípẹtà.

Pẹ́dàlì fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Bó bá rọ̀ bíi fóòmù, afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù. Bó bá le, tí ọkọ̀ kò sì fẹ́ dúró, páàdì ló ti gbóná jù tàbí kí ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ti kọṣẹ́. Bó bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, dískì kò tẹ́jú mọ́. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo písítìnì tó há.

Ní ti pípààrọ̀ páàdì iwájú, ẹ kọ́kọ́ fi igi dí táyà ẹ̀yìn, kí ẹ gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí à ń wọ abẹ́ rẹ̀. Kálípà 4x4 tiwa ní písítìnì mẹ́rin, méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì pọn dandan kí ẹ tú u kúrò. Ẹ yọ kílíìpù kékeré, ẹ fa ọ̀pá méjèèjì jáde pẹ̀lú síríńgì wọn, páàdì á sì yọ. Ẹ má yọ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ẹ bá ń ti písítìnì kan wọlé, èkejì rẹ̀ á máa jáde. Ẹ máa wo agolo ọ́ìlì lókè bí ẹ ṣe ń tì í, kó má kún dà sílẹ̀, torí ó máa ń jẹ ọ̀dà ọkọ̀. Páàdì tuntun nípọn tó bíi 10 mílímítà. Bó bá ti ku 3, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún-tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n tí dískì kò gbọdọ̀ fín kọjá sára rẹ̀. Ẹ fi vernier tí gbogbo wa lò ní ọdún kìíní wọ̀n ọ́n. Tòkunbọ̀ dára fún bọ́ńpà àti iná ẹ̀yìn. Mi ò ní ra páàdì tòkunbọ̀.

Lẹ́yìn, ihò méjì wà lára dúrọ́ọ̀mù. Bó bá há, ẹ dè bólíìtì M8 sínú wọn, wọn á tì í jáde, ẹ má fi hámà lù ú. Ẹ má sì fẹnu tàbí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú rẹ̀. Ṣúù tí a kò mọ orísun rẹ̀ lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sì sọ àkísà náà nù.

Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, ènìyàn méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan ń tẹ pẹ́dàlì, èkejì ń tú nọ́ọ̀tì kékeré ìdí bíréèkì, pẹ̀lú rọ́bà tó mọ́ gaara tó wọ inú ìgò. Táyà tó jìnnà jù sí másítà sílíńdà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Ẹ dí i kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tó gbẹ́sẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí agolo òkè gbẹ. Èyí tó máa ń jáde lára ọkọ̀ tí wọn ò tọ́jú máa ń dúdú bíi kọfí. Ẹ ó rí i nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà sí tuntun.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan, kó tẹ pẹ́dàlì léraléra títí yóò fi le. Písítìnì tí a tì wọlé kò tíì kan páàdì, ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò ní mú nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, níbi tí kò sí ọkọ̀ mìíràn, ẹ sá 60, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí tó fi kù díẹ̀ kó dúró, ẹ tún sá, bíi ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Ojú páàdì á bá ojú dískì mu.

Lórí òkè fúnra rẹ̀, jíà tí kò ga ni kó gbé ìwúwo ọkọ̀. Kí awakọ̀ ki jíà kejì kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí eré bá pọ̀ jù, kó tẹ bíréèkì dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kó sì gbẹ́sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ooru lọ. Kó má gbẹ́sẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́ látòkè délẹ̀. Kó má sì ki jíà sí nútírà láti fi ṣọ́ epo.

A ti pààrọ̀ ọ́ìlì àti páàdì iwájú ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Mo fi máákà kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ agolo, níbi tí ìdérí ò ti lè bò ó. Ṣúù ẹ̀yìn ṣì nípọn tó. Ọ̀pá fáàfù yẹn ti ń dípẹtà díẹ̀, a ti fi gírísì sí i, ó sì ń yí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi kó tún wọ abẹ́ lọ wò ó kí wọ́n tó di ẹ̀rọ ìfami náà sẹ́yìn.