Ẹ̀KA TÍ A GÉ KÌ Í ṢE IGI ÌDÁNÁ: Bí Fláwà, Ewúro àti Ànàmọ́ Yóò Ṣe La Ẹ̀ẹ̀rùn Já

  

Ẹ̀kọ́ ti ìsinsìnyí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe láì kà á sí: gígé ẹ̀ka igi láti fi gbìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tó ń ta ewébẹ̀ lọ́jà Ìjù wá bá wa, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní ìtàkùn ànàmọ́ tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún òun, èyí tí èèpo rẹ̀ pọ́n tí inú rẹ̀ funfun, ti kú tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó wá irú rẹ̀ dé Ìta-Ògbólú, ó wá a dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kò rí i. Èyí tó rí rà, owó gọbọi ló fi rà á, kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti owó. Ohun tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ yẹn.

Nítorí kí irú rẹ̀ má ṣe ẹlòmíràn la ṣe kọ èyí. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tí a bá gbin èso rẹ̀, ọmọ lè má jọ ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí a gé gbìn, ìyá fúnra rẹ̀ náà ni. Bó ṣe dùn tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣe dùn, bí òdòdó rẹ̀ ṣe pọ́n ni yóò ṣe pọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ̀ka ìkẹyìn bá kú, irú rẹ̀ tán nílé yẹn.

ÀWỌN BÀBÁ WA MỌ̀ Ọ́N

Ẹnikẹ́ni má sọ pé ọgbọ́n òyìnbó nìyí. Ẹ wo pérégún tí wọ́n fi ń pààlà ilẹ̀: wọn a gé e, wọn a rì í mọ́lẹ̀, ó di igi. Ẹ wo akòko, ẹ wo ìyeyè, ẹ wo lápálápá. Ẹni tó fi igi ìyeyè ṣe òpó ọgbà, bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, òpó á yọ ewé. Ẹ̀gẹ́ tí gbogbo wa ń jẹ, igi náà la fi ń gbìn ín.

Àmọ́ nígbà òjò ni èyí rọrùn. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò á wọ́n, ọyẹ́ á dé. Afẹ́fẹ́ tó ń gbẹ ètè wa náà ló ń gbẹ ewé. Ní ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òtútù ni tiwọn. Wọ́n fẹ́ràn fláwà kan tí wọ́n ń pè ní geranium, South Africa tó móoru ni ìran rẹ̀ ti wá, yìnyín sì máa ń pa á. Kí ni wọ́n ń ṣe? Bí oṣù kẹjọ bá dé, wọn a gé ẹ̀ka díẹ̀ lára rẹ̀, wọn a gbìn ín sínú ìkòkò kékeré, wọn a gbé e sínú ilé lójú fèrèsé títí òtútù yóò fi lọ. Kò síbi tí ìgbà búburú kò sí. Ẹni tó mọ̀wà hù a fi díẹ̀ pamọ́ kó tó dé. Àwa náà kì í jẹ iṣu tán ká jẹ èbù mọ́ ọn.

KÍ LÓ Ń PA Ẹ̀KA?

Ewé ń làágùn bí ènìyàn ṣe ń làágùn. Igi tó dúró lórí gbòǹgbò ń mu omi látinú ilẹ̀ láti fi dípò èyí tó ń lọ. Ẹ̀ka tí a gé kò tíì ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kò dẹ́kun àti máa làágùn. Ó dà bí ọlọ́jà tó ń tà lójoojúmọ́ tí kò lọ kó ọjà tuntun wá. Ìsọ̀ rẹ̀ á ṣófo.

Nítorí náà ohun mẹ́ta la ní láti ṣe: ká dín ewé kù, ká fi í sí ibòji, ká jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó yí i ká tutù. Ọ̀pọ̀ wa rò pé omi púpọ̀ nìkan ni àbọ̀ ọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ẹ̀ka ń mí nínú ilẹ̀. Tí ilẹ̀ bá di ẹrẹ̀, ìdí á dúdú, á rà.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

1. Ẹ mú ìyá tó dára. Igi tí ara rẹ̀ yá, tí ewé rẹ̀ kò ká, tí kòkòrò kò bò. Ẹ gé e ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú un. Tí ẹ kò bá ní gbìn ín lójú ẹsẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù wé e.

2. Fún fláwà bíi hibiscus àti ixora, ẹ̀ka tó gùn tó bírò kan ti tó. Kó má rọ̀ bí ọ̀mùnú, kó má sì gan bí igi ìdáná. Fún ewúro, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kó sì ti gbó díẹ̀. Fún ànàmọ́, orí ìtàkùn ni kí ẹ gé, ẹsẹ̀ bàtà kan náà.

3. Ọ̀bẹ tó mú tàbí abẹ ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ọwọ́ ya á. Nísàlẹ̀ oríkèé gan-an ni kí ẹ gé e, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti máa ń jáde dáadáa.

4. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lókè. Tí ewé náà bá fẹ̀, ẹ gé e sí àbọ̀. Tí òdòdó bá wà lórí rẹ̀, ẹ já a dànù, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Agbára tí ẹ̀ka ìbá fi ta gbòǹgbò ni òdòdó ń jẹ.

5. Ẹ po yanrìn odò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ dúdú, ìdajì ìdajì. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i, ó máa ń jó o. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ti mu omi inú rẹ̀ tán dára láti fi gbìn ín, ẹ sáà lu ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde.

6. Ẹ fi igi tínínrín lu ihò kí ẹ tó ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́. Kí oríkèé méjì, ó kéré tán, wà nínú ilẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Ẹ fi ìka tẹ ìdí rẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i.

7. Fún fláwà, ẹ fi ọ̀rá tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ bò ó, kí ẹ fi igi gbé ọ̀rá náà sókè kó má kan ewé. Ẹ gbé e sábẹ́ igi máńgòrò tàbí sábẹ́ àtíbàbà. Ẹ má gbé e sínú oòrùn pẹ̀lú ọ̀rá lórí, ẹ ó sè é bí ẹní se mọ́ínmọ́ín.

8. Ẹ ní sùúrù. Ànàmọ́ lè ta gbòǹgbò láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ewúro á bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Hibiscus àti ixora lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 8.

9. Tí gbòǹgbò bá ti múlẹ̀, ẹ máa ṣí ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la, títí tí ara rẹ̀ á fi mọ́ ọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

IBI TÍ ÀWA NÁÀ TI ṢUBÚ

Àwa tí à ń kọ ìwé yìí ti jìyà àìmọ̀ rí. Ogún ẹ̀ka ixora la gbìn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé tuntun yọ, inú wa dùn. A ti sọ fún oníbàárà kan tó ń kọ́lé ní Àkúrẹ́ pé ọjà ti dé, a tilẹ̀ ti gba asánsílẹ̀ owó lọ́wọ́ rẹ̀. A ṣí ọ̀rá kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, a kó wọn síta gbangba, a sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, wọ́n ti rọ. Ìgbà tí a fà wọ́n tu, ìdí wọn dúdú, kò sí gbòǹgbò kankan. Méjì péré ló yè nínú ogún. A dá owó olówó padà pẹ̀lú ìtìjú.

Ohun tí a kọ́ nìyí: ewé tuntun kì í ṣe ẹ̀rí gbòǹgbò. Oúnjẹ tó wà nínú igi náà tẹ́lẹ̀ lè gbé ewé jáde. Tí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́, ẹ rọra fi ìka méjì fà á sókè díẹ̀. Bó bá dì mọ́lẹ̀, gbòǹgbò ti wà. Bó bá ń bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì gba owó ẹnikẹ́ni kó tó dì mọ́lẹ̀.

BÍ A Ó ṢE LA Ẹ̀Ẹ̀RÙN JÁ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, kí òjò tó lọ, kí ẹ̀ka ti ní gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ má tọ́jú púpọ̀. Márùn-ún tí a lè bomi rin sàn ju àádọ́ta tí yóò kú lọ. Ibi méjì ni kí ẹ fi wọ́n sí: díẹ̀ nílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, díẹ̀ ní àkùrọ̀ níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ti ilé, ti àkùrọ̀ á kù. Ẹ ṣọgbà yí i ká o, ewúrẹ́ kì í kọ ewé ànàmọ́.

Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòji lórí rẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan ìdí igi, torí ikán. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ dára fún un, bí kò bá ti sí iyọ̀ tàbí ọṣẹ níbẹ̀. Kí ẹ tó bu omi, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀. Bó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Fún ẹni tí kò sún mọ́ omi, ọ̀nà mìíràn wà fún ànàmọ́. Ilé ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní International Potato Center àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e yẹ̀ wò ní Uganda. Ẹ ṣa ànàmọ́ tí kò tóbi jù, tí kòkòrò kò lu, tí ọ̀bẹ kò sì kàn. Ẹ tẹ́ yanrìn gbígbẹ sínú báàsì, ẹ to ànàmọ́ lé e kí wọ́n má fara kan ara wọn, ẹ tún da yanrìn bò ó, kí ẹ gbé e síbi tó tutù nínú ilé. Lóṣooṣù, ẹ wò ó, kí ẹ yọ èyí tó bá ń rà. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí òjò dé, ẹ gbìn wọ́n sẹ́yìnkùlé, kí ẹ máa bomi rin wọ́n. Nígbà tí òjò bá rọ̀, ìtàkùn ti wà tí ẹ ó gé.

Ti ẹ̀gẹ́ kò le. Ẹ di igi rẹ̀ ní gígùn láì tíì gé e wẹ́wẹ́, ẹ nà á dúró sábẹ́ ibòji, kí ẹ bo ìdí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tútù. Èyí tí a dùbúlẹ̀ sínú oòrùn, kò pẹ́ tí í fi gbẹ.

ÀRÙN Ń BÁ Ẹ̀KA RÌN

Bí ẹ̀ka ṣe ń gbé adùn ìyá lọ náà ló ń gbé àìsàn rẹ̀ lọ. Àrùn tó ń mú ewé ẹ̀gẹ́ ká, tó ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé àti ìyeyè lábala lábala, eṣinṣin funfun kékeré ló ń tan án kálẹ̀, ṣùgbọ́n igi tí a gé lára aláìsàn náà ń tan án. Ó ti pẹ́ tí ilé ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ti ń bá ẹ̀gẹ́ ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti mú irú tí àrùn náà kò lè tètè bá jà jáde. Síbẹ̀, ojú wa la ó fi yan igi. Bí oníbàárà bá tilẹ̀ ń kánjú, ẹ má ta ẹ̀ka aláìsàn fún un.

OHUN TÍ A RÒ PÉ Ó YẸ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wọn wá sí ìpàdé oṣù kẹwàá, kí a gé ẹ̀ka rẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ méjì mìíràn láti bá wọn tọ́jú. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú á mọ ilé tó máa lọ. Èyí tó bá pọ̀ sí i nínú fláwà, a lè tà á fún àwọn tó ń kọ́lé tuntun.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa yẹn parí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì tó ti sọ ìrètí nù, ó lọ kí àna rẹ̀ kan lóko, ó sì rí ànàmọ́ pupa náà lẹ́yìnkùlé. Ó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló gé e fún àwọn, ó ti pẹ́. Ó sunkún, ó gé ìtàkùn, ó padà sílé. Ohun tí ìyá fi tọrẹ ló bá ọmọ rẹ̀ pamọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ TÓ Ń BỌ̀

1. Kí ló dé tí a fi ń já òdòdó kúrò lára ẹ̀ka tí a fẹ́ gbìn?
2. Báwo la ṣe lè mọ̀ pé ẹ̀ka ti ní gbòǹgbò láì hú u?
3. Kí ló burú nínú kí á máa bu omi púpọ̀ sí i?
4. Kí lo ní nílé tí irú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ta lo sì fẹ́ gé e fún?

Àṣeyọrí o. Ọjà á tà, ẹ̀ka á yè.